Orúkọ Tí Mo Yọ Kúrò Lórí Àwòrán Ilẹ̀ Wa

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin ará Àgó Tàhírù, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, mo kí yín kú ìkórè. Ẹ̀gbọ́n Basile, alága wa, ní kí n bọ́ síwájú, kí n gba aṣọ tí ẹ rà fún mi, kí n sì sọ gbólóhùn ìdúpẹ́ díẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí aṣọ náà ṣì wà lórí tábìlì níbẹ̀ yẹn. Òtítọ́ kan ti há mi lọ́fun láti ọjọ́ pípẹ́, kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu; òní ni n ó tu ú. Ẹ ní ẹ̀ ń yẹ́ mi sí nítorí pé nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà sọ orúkọ àgó yìí nù lórí àwòrán ilẹ̀, èmi ni mo wá a rí. Ẹ̀rọ kò sọ nǹkan kan nù. Èmi Sabine, ọmọ Ṣóbándé, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún yìí, ni mo fi ọwọ́ ara mi yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀gbọ́n Basile, mo rí i tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe. Ẹ̀fẹ̀ kọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé mọ bí àgó yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n a ní àlejò láti Pobè àti láti Sakété, n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi ṣókùnkùn sí wọn. Ọ̀rẹ́ méjì ló ti apá Ìlaròó wá: Tàhírù, Mùsùlùmí tó ń ta aṣọ, àti Ṣóbándé, bàbá bàbá mi, onígbàgbọ́ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Wọ́n rí igbó ọ̀pẹ níhìn-ín lẹ́yìn Takon, wọ́n tọrọ ilẹ̀, wọ́n sì fún wọn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹni tó bá kọ́kọ́ dáná ní ibùdó tuntun ni ibùdó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ì báà jẹ́ àgbà, ì báà jẹ́ àbúrò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, Ṣóbándé gbé agbè, ó lọ wá omi. Tàhírù ṣa ìṣẹ́pẹ́ jọ, ó ṣáná. Bí ibí ṣe di Àgó Tàhírù nìyẹn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi. Bó bá ti jẹun yó, á ní, "Omi ni bàbá mi lọ pọn o. Òùngbẹ ló gba orúkọ lọ́wọ́ wa." Ìyá Àgbà Màrúfátù, ọmọ Tàhírù, á sì dá a lóhùn láti ìdí ìkòkò epo rẹ̀ pé, "Ta ló ní kó máa wo ojú ara rẹ̀ nínú odò? Ó yẹ kó ti dé kí ilẹ̀ tó ṣú." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń gbé pọ̀. Ẹran Iléyá ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ìrẹsì Kérésìmesì ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ, kò sì sẹ́ni tó ń wọn èyí tó pọ̀ jù.

Bàbá mi, tó jókòó níwájú yìí pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ láàárín orókún, ló ṣe olórí ìjọ wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Òun ló kọ́ mi ní ìwé. Inú Bíbélì àti ìwé orin ni mo ti mọ lẹ́tà kí n tó dé ilé ẹ̀kọ́ Faransé ní Sakété, débi pé bí olùkọ́ bá ní kí n kàwé, ohùn orin ni mo fi ń kà á, àwọn ọmọ á sì máa ṣe àmín lẹ́yìn mi. Nígbà tó yá mo lọ kọ́ iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ ní Àjàṣẹ́, Ọ̀gá Aristide sì gbà mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Pobè, níbi tí èmi àti Martial, ọmọ Igana, ti ń jókòó sí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ wa ni láti ya oko àti abúlé sórí àwòrán, kí olúkúlùkù lè rí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ gbà ní ilé mẹ́ẹ̀rì, ilé ìjọba ìbílẹ̀ wa. Àwòrán inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe odidi kan bíi fọ́tò. Ìpele-ìpele ló wà, bí ìgbà tí èèyàn tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ara wọn: odò wà lórí tirẹ̀, ọ̀nà wà lórí tirẹ̀, oko wà lórí tirẹ̀, orúkọ ló sì wà lókè gbogbo wọn. Bí mo bá tẹ ibì kan, gbogbo orúkọ á yọ lẹ́ẹ̀kan náà, Igana, Towé, Takon, títí dé àgó tí kò ju ilé mélòó kan lọ. Bí mo bá tún un tẹ̀, wọ́n á lọ, ilẹ̀ á dákẹ́ bí ó ti dákẹ́ kí Ádámù tó sọ nǹkan lórúkọ. Ẹ̀yin ará, inú mi máa ń dùn sí èyí ju bó ti yẹ lọ. Nígbà mìíràn mo máa ń ṣe é láìnídìí, kí n ṣáà rí i pé wọ́n ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ìgbéraga kò pariwo wọlé tọ̀ mí wá. Ó rọra jókòó tì mí, bí ẹni tó wá kọ́ṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dá bàbá mi dùbúlẹ̀. Apá ọ̀tún kọṣẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún kọṣẹ́. Ẹnu nìkan ni kò gbà fún àìsàn náà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bí mo bá wálé lọ́jọ́ Ìsinmi, n ó kọrin fún un, n ó sì ròyìn iṣẹ́ mi. Lọ́jọ́ kan ó wò mí títí, ó ní, "Sabine, orúkọ ta lo kọ sórí ilẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí?" Mo ka àwọn abúlé náà fún un. Ó ní, "Gbogbo ayé ló wà níbẹ̀. Ọmọ mi ló ń sọ ilẹ̀ lórúkọ, orúkọ bàbá mi kò sì sí níbì kan àfi lára sàréè." Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí n kọ ọ́ ni?" Ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mò ń bá ọ ṣeré ni. Bu omi fún mi." Ẹ fetí sí mi dáadáa níbi yìí. Kò rán mi. Bàbá mi ṣeré ni. Èmi ni mo gbé eré àgbàlagbà lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí mo padà dé ẹnu iṣẹ́, mo fi àmì tuntun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa lórí àwòrán, mo kọ Àgó Ṣóbándé sí i. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí orúkọ méjèèjì wà pọ̀, bí àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà ṣe wọ igbó pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn ní ìwà kan: bí orúkọ méjì bá súnmọ́ra jù, tí wọ́n fẹ́ gun ara wọn, á mú ọ̀kan, á fi èkejì pamọ́, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo gbójú sókè, mo rí Àgó Ṣóbándé, ó dúdú minijọ. Àgó Tàhírù kò sí mọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Kí n fa ọ̀kan sápá òsì, kí n dín lẹ́tà kù, iṣẹ́ tí n kì í ronú sí kí n tó ṣe é ni. N kò ṣe é. Mo ní ẹ̀rọ ló mú orúkọ bàbá àgbà mi, kì í ṣe èmi; bóyá Ọlọ́run ló tipa ẹ̀rọ ṣe é pàápàá. Ẹ ò rí bí ọkàn èèyàn ṣe burú tó, tí ń pe Ọlọ́run wá jẹ́rìí sí ohun tí kò lè wí lójú bàbá rẹ̀. Ìgbà tó ṣe, mo fa àwòrán náà súnmọ́ ojú mi kí n lè rí òrùlé wa dáadáa. Bí a bá sì fà á súnmọ́, àyè á pọ̀ sí i láàárín àwọn àmì, orúkọ tí ẹ̀rọ fi pamọ́ á tún yọjú. Àgó Tàhírù yọ padà wẹ́rẹ́, bí ẹni tó lọ sẹ́yìnkùlé tó sì dé. Ohun tó dá mi lẹ́bi jù lọ nìyẹn. Ẹ̀rọ fi í pamọ́, ó sì tún dá a padà. Ó ṣe olóòótọ́ jù mí lọ. Èmi ni mo ṣí ibi tí a ń kọ orúkọ sí, tí mo pa Tàhírù rẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà lè yọjú mọ́ láéláé.

Mo tẹ ìwọ̀nba apá tiwa jáde sórí ìwé, mo gbé e lọ fún bàbá mi. Ó fi ọwọ́ òsì gbá a mú, ó ń ka orúkọ náà bí ẹni ń ka ẹsẹ Bíbélì. Ó ní, "Ti Tàhírù dà?" Mo ní, "Ó wà lórí ìwé ńlá, Bàbá. Èyí kéré, kò gba méjèèjì." Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kí tiwa bo tiwọn o." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Irọ́ mi àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹni tó kọ́ mi pé kí n má ṣe purọ́ ni mo sì pa á fún. Ó rọra tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, inú rẹ̀ dùn gan-an, ó sì jẹun dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Oúnjẹ tó jẹ ni mo fi ń tan ọkàn mi jẹ.

Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Kí ilé mẹ́ẹ̀rì tó fọwọ́ sí àwòrán ilẹ̀, a gbọ́dọ̀ gbé e wá fún àwọn onílẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní gbangba. Nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbà kò mọ̀wé, kíkà ni a máa ń kà á fún wọn. Òǹkàwé á fi ìka sórí ibi tó ń kà, á pe orúkọ rẹ̀, àwọn àgbà á dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "Kò rí bẹ́ẹ̀", ohùn wọn ló sì dúró bí ìfọwọ́sí. Ọ̀gá Aristide ní kí èmi kà á níbí, ó ní ọmọ ilé ni mí, wọn kò ní ṣiyèméjì sí mi. Ó ní kí n mú ọjọ́ tó bá wù mí. Ọjọ́ ọjà Pobè ni mo mú, nítorí mo mọ̀ pé àwọn tó mọ̀wé nínú yín yóò ti lọ sọ́jà. Ẹ̀gbọ́n Basile, ẹ rántí pé ẹ bi mí nígbà náà pé èé ṣe tó fi jẹ́ ọjọ́ ọjà, mo sì dáhùn pé ọ̀gá mi ló yàn án. Irọ́ ni mo pa fún yín.

A fi àwòrán náà kọ́ ara ògiri ilé ẹ̀kọ́. Mo ń ka orúkọ, àwọn àgbà ń dáhùn. Nígbà tí mo kù díẹ̀ kí n dé ibi tiwa, Ìyá Àgbà Màrúfátù dìde lórí ẹní. Ẹ mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti fọ́. Epo rẹ̀ ló ṣì ń sè, imú ló fi ń mọ̀ pé ó ti jinná. Ó ní, "Ta ló ń kà á?" Mo ní, "Èmi ni, Ìyá Àgbà. Sabine." Ó ní, "Sabine tó ń rẹ́rìn-ín bí ewúrẹ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tilẹ̀ ṣe é bí ewúrẹ́ kí inú wọn lè dùn. Ó ní, "Kà á dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, kí n gbọ́." Ìka mi wà lórí Àgó Ṣóbándé. Ẹnu mi ní, "Àgó Tàhírù." Àwọn àgbà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo rò pé ó ti parí. Ó ní, "Mú ọwọ́ mi lọ síbẹ̀. Bàbá mi kò mọ̀wé, kò sì sí ìwé kan láyé tó ní orúkọ rẹ̀ nínú. Jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án." Ẹ̀yin ará, mo lè kọ̀. Mo lè sọ pé ìwé náà ṣì tutù. Mo di ìka rẹ̀ mú, ìka tó gbóná, tó ń ta òórùn epo, mo gbé e lé orí orúkọ bàbá àgbà mi. Ó ní, "Ṣé ibí ni?" Mo ní, "Ibẹ̀ ni, Ìyá Àgbà." Mo rọra mú ìka rẹ̀ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Ó gùn díẹ̀." Mo ní, "Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Faransé ni." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lédè Lárúbáwá, ó sì gbàdúrà fún mi lójú gbogbo èèyàn pé, "Sabine, orúkọ tìrẹ náà kò ní parẹ́." Mo ṣe àmín. Nínú Ìwé tí bàbá mi fi kọ́ mi, ègún fún ẹni tó ṣí ààlà ọmọnìkejì rẹ̀ nípò àti ègún fún ẹni tó ṣi afọ́jú lọ́nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ẹni pé ẹnì kan náà ló ṣe méjèèjì. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n sórí. Èmi ni mo wá di ẹni náà.

Martial ló fi alùpùpù gbé mi padà sí Pobè. A kò tíì jìnnà tó fi ní, "Sabine, èmi náà mọ̀wé o." Mo ní, "Mo mọ̀." Ó ní, "Ohun tí o kà kọ́ ló wà níbẹ̀." Mo ní, "Bàbá mi ń ṣàìsàn." Ó ní, "Bàbá tèmi ti kú, mi ò sì kọ ọ́ sórí Igana." Ó wakọ̀ títí, ó tún ní, "Bí wọ́n bá bi mí, mi ò rí nǹkan kan. Torí ìwọ ni o, kì í ṣe torí pé ó dáa." Ó ti tọrọ àforíjì tirẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ó sì wà láàárín wa lónìí, ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi kọ́ ọ lọ́rùn.

Ohun tó tẹ̀lé e, ẹ̀yin lẹ fojú rí i. Ìwé ilẹ̀ jáde. Nafissath, ọmọ ọmọ Ìyá Àgbà, tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àjàṣẹ́, wálé fún ìsinmi, ó ka ìwé náà fún ìyá àgbà rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Àgbà, wọ́n kọ ọ́ pé Àgó Ṣóbándé ni ilẹ̀ wa wà." Kí ni ẹnikẹ́ni ì bá rò, bí kò ṣe pé ìdílé Ṣóbándé ti gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́? Iléyá dé, ẹran kò ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Àwọn obìnrin wa pọn omi, àwọn obìnrin wọn pọn omi, kò sẹ́ni tó ń gbé omi ru ẹnìkejì mọ́. Bàbá mi kò mọ nǹkan kan. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le díẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ kí Màrúfátù, kí òun bi í léèrè ohun tí a ṣe. Ó fi ọ̀pá fa ara rẹ̀ dé àgbàlá wọn. Ìyá Àgbà kò sí nílé. Àwọn tó wà níbẹ̀ kí i láti òkèèrè, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan àbọ̀, ó dúró títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì padà. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní, "Sabine, wọn ò gbé àga fún mi." Ó yíjú sí ògiri. Ẹni tó ti ń bá wọn ṣe àmín níbi ìkómọ wọn láti ìgbà èwe rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní olè ilẹ̀, èmi sì jókòó tì í, mo ń fún un ní oògùn.

Síbẹ̀ n kò sọ ọ́. Nafissath ló fa ìyá àgbà rẹ̀ lọ́wọ́ wá sí ọ́fíìsì wa ní Pobè. Ọ̀gá Aristide pè mí, ó ní, "Sabine, kí ló ṣẹlẹ̀ sí orúkọ àgó yìí?" Irọ́ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kàn jáde ni. Mo ní, "Ọ̀gá, mo fi àmì sí ilé wa, orúkọ méjì wá súnmọ́ra jù, ẹ̀rọ fi ọ̀kan pamọ́." Ọ̀gá mi mọ̀ pé ẹ̀rọ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó mi orí. Nafissath ní, "Ẹ̀rọ yín gbọ́n gan-an. Ti Mùsùlùmí ló mọ̀ ọ́n fi pamọ́." Martial wo ilẹ̀. Ọ̀gá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, ó ní a ó tún gbogbo ìwé náà ṣe. Ní ọjọ́ Sátidé mo dá nìkan wà ní ọ́fíìsì, mo yọ Àgó Ṣóbándé, mo sì dá Àgó Tàhírù padà síbi tí mo ti gbé e. Ohun tí mo ṣe ní Sátidé yẹn kò ju pé mo tẹ lẹ́tà mélòó kan. Ọ̀gá mi wá bá yín níbí, ó ní mo fi ìsinmi mi wá orúkọ náà títí mo fi rí i. Ẹran padà, ìrẹsì padà, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Sabine onílàjà. Bí ẹ bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n da omi gbígbóná sí mi lára.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá sí ọ́fíìsì, tí ẹ kò mọ̀. Kí wọ́n tó lọ, Ìyá Àgbà ní òun fẹ́ ṣe àlùwàlá, ó ní kí èmi mú òun lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo bu omi sínú kẹ́tù. Ó jókòó lórí òkúta, ó ní, "Sabine, lọ́jọ́ yẹn, ibo lo gbé ìka mi sí?" Mo gbé kẹ́tù náà kalẹ̀. Ó ní, "Nafissath bi mí bóyá ẹni tó kà á fún mi ló tàn mí jẹ. Mo ní mi ò mọ̀." Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá Àgbà?" Ó ní, "Bí mo bá dárúkọ rẹ, ọwọ́ bàbá rẹ ni wọ́n máa rí nínú rẹ̀, àìsàn yẹn á sì gbé e lọ. Èmi àti bàbá rẹ la jọ rìn lọ rìn bọ̀ lójú ọ̀nà odò yẹn. Mi ò ní sọ ọ́. Ìwọ lo máa sọ ọ́, lọ́jọ́ tí o bá ti lè sọ ọ́." Ó na ẹsẹ̀ sí mi, ó ní, "Da omi sí i." Mo dà á. Omi ń ta sórí aṣọ rẹ̀, ó sì ní, "Rọra, mi ò ní wẹ̀." Ẹ̀yin ará, mo ti gbọ́ ìwàásù nípa oore-ọ̀fẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n mí, ẹ̀yìnkùlé yẹn ni mo ti rí i.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Basile wá sọ fún mi pé ẹ̀ ń ra aṣọ fún mi, mo mọ̀ pé ọjọ́ náà ti pé. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dé orí ìka Ìyá Àgbà. Ó ní, "Nítorí eré tí mo ṣe?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó fa ìwé náà yọ, ó fún mi. Ó ní, "Mo ti ń bá àwọn ará ilé Màrúfátù jà nínú ọkàn mi nítorí àga. Àṣé wọ́n ṣàánú mi tí wọn ò lù mí." Mo bú sẹ́kún. Ó ní, "Má sunkún sí mi lára, aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ ìkórè nìyí. O máa sọ ọ́ lójú wọn. Iwájú ni n ó jókòó sí, kí wọ́n lè rí mi bí wọ́n bá ń wò ọ́." Ẹ rí i níbẹ̀. Lánàá mo lọ bá Ọ̀gá Aristide. Kò pariwo. Ó na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ jẹ́wọ́ fún àwọn tí mo ṣẹ̀ ná kí òun tó mọ ohun tí òun yóò wí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí n kò bá jókòó sí ẹ̀rọ yẹn mọ́, n ó ṣì rí iṣẹ́ ṣe. Ìyá Àgbà ní òun ń wá ẹni tí yóò máa fọ́ ẹyìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin tí ẹ ó jókòó síbi tí mo jókòó sí, ohun kan ni mo ní fún yín. Àwọn àgbà wa ń fi ojú yín ríran. Bí ẹ bá ka ìwé fún wọn, ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀, ì báà korò. Ẹ má sì ṣe gbé ẹ̀ṣẹ̀ yín ka orí ẹ̀rọ, nítorí ẹ̀rọ kò lẹ́nu láti fi gbèjà ara rẹ̀. Ní ti aṣọ yìí, Nafissath ló ka ìwé bó ti rí, òun ló tọ́ sí. Nafissath, bí o bá fẹ́, wá gbà á. Bí o kò bá fẹ́ ohun tí ọwọ́ mi súnmọ́, n kò ní bínú.

Ìyá Àgbà Màrúfátù, mo ti lè sọ ọ́. Ẹ foríjì mí. Gbogbo ilé Tàhírù, ẹ foríjì mí. Ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ti bàbá mi kún un. Kò mọ̀, kò rán mi, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n. Ara mi fúyẹ́ lónìí ju bó ti rí láti ìgbà tí mo ti fọwọ́ kan orúkọ yẹn lọ. N kò mọ ohun tí ẹ ó dá mi lóhùn, àyà mi kò sì já. Bí ẹ kò bá lè dá mi lóhùn lónìí, n ó padà wá lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, n ó tún wá lọ́jọ́ Ìsinmi mìíràn, n ó máa gbálẹ̀ ilé ìsìn yìí títí ẹ ó fi rí èsì. N kò ní ibòmíràn tí mo lè lọ. Àgó Tàhírù ni ilé mi.